Òrùlé Wa Lábẹ́ Oòrùn Ẹ̀ẹ̀rùn
Ọ̀rọ̀ tí a sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìwé kíkà ní èdè wa

 

Ọ̀rọ̀ òrùlé ni a fẹ́ bá yín sọ lónìí. Ẹni tó bá ń gbé Kétu tàbí Ṣábẹ, tó sì ń sùn lábẹ́ páànù ní oṣù kẹta, ó ti mọ ooru, a kò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ júwe rẹ̀ fún un. Ní agogo méjì ọ̀sán, ẹsẹ̀ kì í gba inú yàrá. Ní agogo mẹ́wàá alẹ́, ògiri ṣì gbóná. Ọmọ ọwọ́ kò sùn, ìyá rẹ̀ kò sùn, ilẹ̀ mọ́, oko sì ń dúró de ẹni tí kò sùn. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ọ̀rọ̀ fàájì ni èyí. Ọ̀rọ̀ ìlera ni, ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ni, ọ̀rọ̀ owó sì ni, nítorí oòrùn kan náà tó ń mú wa làágùn ló ń ba òrùlé tí a fi owó òwú tàbí owó epo pupa rà jẹ́ díẹ̀díẹ̀.

Kí ló dé tó fi jẹ́ òrùlé, tí kì í ṣe ògiri? Ẹ wo ọ̀nà tí oòrùn ń gbà. Láàárín ọjọ́ 5 sí ọjọ́ 11 oṣù kẹrin, láti Àjàṣẹ́ títí dé Ṣábẹ, oòrùn máa ń dúró gan-an sí àtàrí wa ní ọ̀sán. Ẹ ri igi mọ́lẹ̀ ṣánṣán ní ọjọ́ náà, òjìji rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́. Ó tún ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án, ṣùgbọ́n ìkúukùu máa ń bò ó nígbà náà. Ògiri ìlà oòrùn ń gba ti àárọ̀, ògiri ìwọ̀ oòrùn ń gba ti ìrọ̀lẹ́, ṣùgbọ́n òrùlé ló ń gba èyí tó le jù lọ.

Páànù, tí àwọn mìíràn ń pè ní tóòlù, kò nípọn rárá. Bí oòrùn ọ̀sán bá pa á, ó lè gbóná ju 60 digírì lọ. Báwo ni ooru yẹn ṣe ń bá wa nísàlẹ̀, nígbà tí a kò fọwọ́ kàn án? Ẹ̀yin ìyá tí ẹ ń yan gaàrí mọ̀ ọ́n. Bí ẹ bá jókòó ti agbada, ooru rẹ̀ á máa nà yín lójú, bí afẹ́fẹ́ tútù tilẹ̀ ń fẹ́. Bí ọmọ kan bá fi ẹní ṣe ìdènà láàárín yín àti agbada, lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ni ojú yín á tutù. Agbada ńlá ni páànù jẹ́ lórí wa, ẹní yẹn la sì ń wá.

Àwọn kan rò pé páànù tuntun kì í gbóná nítorí pé ó ń dán. Lóòótọ́ ni ó ń dá ìmọ́lẹ̀ padà, ṣùgbọ́n ooru tó bá ti wọ inú rẹ̀ kì í tètè jáde. Tó bá wá dógùn-ún, tó pupa, á máa mu oòrùn bí ilẹ̀ gbígbẹ ti ń mu omi.

Àwọn baba wa kò ní páànù, síbẹ̀ ooru ilé wọn kò tó tiwa. Koríko bẹẹrẹ tí wọ́n fi ń bo ilé nípọn, afẹ́fẹ́ sì há sí àárín rẹ̀. Afẹ́fẹ́ tó bá há bẹ́ẹ̀ kì í jẹ́ kí ooru kọjá. Ní ibòmíràn, wọ́n to igi sábẹ́ òrùlé, wọ́n rẹ́ amọ̀ lé e lórí, wọ́n fi ṣe àjà. Bí iná bá mú koríko lókè, ẹrù tó wà lábẹ́ àjà lè yè. A kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni tú páànù rẹ̀ dànù o! Iná ẹ̀ẹ̀rùn ti sọ ọ̀pọ̀ ilé koríko di eérú, koríko sì ń fẹ́ àtúnbò lemọ́lemọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí páànù dé, ọ̀pọ̀ ilé gbà á, wọ́n sì ju àjà nù. Àwọn Àgùdà tó ti Bràsíìlì bọ̀ sí Àjàṣẹ́ kò ṣe bẹ́ẹ̀ ní tiwọn. Ẹ lọ wo ilé wọn tó ṣì dúró: yàrá gíga, fèrèsé onípákó tí afẹ́fẹ́ ń gba àárín rẹ̀ kọjá, àti ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó ń ṣíji bo ògiri.

Nítorí náà, àjà ni ohun àkọ́kọ́ tí a ó ṣe. Kò di dandan kó jẹ́ pákó olówó gọbọi. Ọparun tí a là, tí a hun, dára. Ẹní tó nípọn, tí a nà sórí ọ̀pá, dára. Ohun tó ṣe kókó ni pé kí àjà má fara kan páànù. Ẹ fi àyè sílẹ̀ láàárín méjèèjì. Afẹ́fẹ́ inú àyè yẹn á gbóná gan-an, ó sì gbọ́dọ̀ rí ọ̀nà jáde. Ẹ dá ihò sí orí ògiri ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, lókè pátápátá níbi tí òrùlé ti ṣe ṣóńṣó, kí ihò méjèèjì dojú kọ ara wọn. Afẹ́fẹ́ á gba ọ̀kan wọlé, á gba èkejì kó ooru jáde. Ẹ fi wáyà onítóótòòtó bo ihò náà nítorí àdán. Ẹni tí àdán bá ti sọ àjà rẹ̀ di ilé rí mọ òórùn tí à ń wí.

Àjà tí kò ní ihò kò já mọ́ nǹkan tó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀ẹ̀rùn máa ń gùn, ooru tí a sé mọ́ lókè á sì máa rọra sọ̀ kalẹ̀ lóru nígbà tí a fẹ́ sùn.

Ohun kejì ni ọ̀dà funfun. Páànù tí a kùn ní funfun ń dá èyí tó pọ̀ jù nínú oòrùn padà sójú ọ̀run, ó sì tún ń dáàbò bo irin. Ṣùgbọ́n ẹ má lo ẹfun tí a fi ń kun ògiri. Kì í lẹ̀ mọ́ páànù, òjò àkọ́rọ̀ ló máa wẹ̀ ẹ́ dànù, bó bá sì tutù, ó ń jẹ ara páànù. Ẹ ra ọ̀dà tí wọ́n ṣe fún irin. Bí páànù bá ti dógùn-ún, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha á, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ jẹ́ kó gbẹ, ẹ kọ́kọ́ fi ọ̀dà tó ń dènà ìdógùn-ún kùn ún, kí ẹ tó fi funfun lé e. Bó bá jẹ́ tuntun tó ṣì ń dán, ọ̀dà lásán kì í dì í mú dáadáa. Ẹ jẹ́ kí òjò kan àti ẹ̀ẹ̀rùn kan kọjá lórí rẹ̀ ná. Ìgbà tó dára jù fún iṣẹ́ yìí ni ìgbà tí eruku ọyẹ́ bá ti lọ, tí òjò kò tíì bẹ̀rẹ̀. Àárọ̀ ni kí ẹ ṣe é. Ọ̀dà tí a bá fi sórí páànù gbígbóná á gbẹ kó tó lẹ̀, á sì máa ṣí bí èèpo.

Ẹ gbọ́ o, ẹ̀yin ará Kétu àti gbogbo ibi tí omi ti jìn nílẹ̀. Bí ẹ bá ń gbe omi òjò láti orí òrùlé fún mímu, ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń ta ọ̀dà bóyá òjé wà nínú rẹ̀. Bí òjé bá wà níbẹ̀, tàbí tí kò lè dá yín lóhùn, ẹ má rà á. Òjé ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí ẹ má ṣe da ọ́ìlì ọkọ̀ tó ti ṣiṣẹ́ sí orí òrùlé. Ó ń ba omi jẹ́, ó sì ń fa iná. Lẹ́yìn tí ẹ bá kun òrùlé tán, ẹ jẹ́ kí òjò méjì tàbí mẹ́ta fọ̀ ọ́ dànù kí ẹ tó gbé ìkòkò sábẹ́ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á wá sọ ti ìṣó, nítorí ibẹ̀ ni òfò ńlá wà. Bí páànù bá gbóná, ó ń gùn sí i. Bó bá tutù, ó ń sún kì. Ariwo tí ẹ ń gbọ́ lókè ní ìrọ̀lẹ́ nìyẹn, kì í ṣe ẹbọra. Lójoojúmọ́ ni ó ń fa ìṣó síwá, tó ń fà á sẹ́yìn, títí ihò rẹ̀ á fi gbòòrò. Oòrùn náà ló ń jẹ rọ́bà tó wà lábẹ́ orí ìṣó, títí á fi sán. Omi á wọ ibẹ̀, igi á jẹrà, páànù á dógùn-ún láti ojú ihò. Ní oṣù kẹta tàbí ìkẹrin, ìjì àkọ́kọ́ á dé, á ká gbogbo rẹ̀ lọ. Àwọn èèyàn á ní ìjì ló gbé òrùlé. Oòrùn ló ti tú u sílẹ̀ láti oṣù kejìlá!

Kí ìjì tó dé, kí ẹnì kan gun òkè ní àárọ̀ kùtù, kí ó tẹ ẹsẹ̀ sórí pákó tí a tẹ́, kì í ṣe sórí páànù lásán, kí ẹlòmíràn sì di àkàbà mú. Kí ó yẹ ìṣó wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá ti mì, kí ó yọ ọ́, kí ó kan èyí tó nípọn jù ú lọ, tó ní rọ́bà tuntun. Orí ibi tó yọ sókè lára páànù ni à ń kan ìṣó sí, kì í ṣe inú kòtò tí omi ń gbà. Bí ẹ bá sì ń bo ilé tuntun, ẹ rántí pé láti ìlà oòrùn ni ìjì wa sábà máa ń wá. Láti ìwọ̀ oòrùn ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í to páànù, kí èyí tó tẹ̀ lé e máa gun ti ìṣáájú. Ìjì kò ní rí etí kankan tó máa ki ọwọ́ bọ̀. Òkúta tí àwọn kan ń gbé lé òrùlé kò ran nǹkan lọ́wọ́: ọ̀rinrin ń sá pamọ́ sábẹ́ rẹ̀, páànù á sì jẹrà níbẹ̀.

Imọ̀ ọ̀pẹ tí a tẹ́ sórí páànù ń dín ooru kù lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ sí nítòsí ibi ìdáná, ẹ sì kó o kúrò kí òjò tó dé. Igi náà dára fún òjìji, bí ẹ bá gbìn ín sí apá ìwọ̀ oòrùn ilé, tí ó jìnnà tó tí ẹ̀ka rẹ̀ kò fi ní wó lé òrùlé. Ẹ máa gbá ewé tó bá jábọ́ síbẹ̀.

Bí ẹ kò bá tíì lágbára àjà tàbí ọ̀dà, ẹ kó irúgbìn àgbàdo àti oògùn ilé ìwòsàn kúrò ní ẹ̀bá páànù. Irúgbìn tí ooru bá pa kì í hù dáadáa. Ọ̀pọ̀ oògùn sì ni a kọ sí lára pé kò gbọ́dọ̀ kọjá 30 digírì. Ẹ̀yin tí ẹ ti mọ ìwé kà, ẹ kà á fún àwọn ará ilé.

Ó ku ìṣirò. Ká ní òrùlé yín ní apá méjì, tí apá kọ̀ọ̀kan gùn ní mítà 8, tó sì fẹ̀ ní mítà 4. 8 lọ́nà 4 jẹ́ 32. Apá méjì jẹ́ 64. Páànù kì í tẹ́jú, nítorí náà ẹ fi ìdá kan nínú mẹ́wàá kún un: ó di nǹkan bí 70 mítà onígun mẹ́rin. Bí ara agolo ọ̀dà bá sọ pé lítà kan ń kun mítà 10, ìkunlé kan gba lítà 7, ìkunlé méjì gba 14. Agolo ńlá kan wọ́n fún ẹni kan. Ẹ bá aládùúgbò dá owó jọ, kí ẹ fi àáró ṣe iṣẹ́ náà, ilé tiyín lónìí, ilé tiwọn lọ́la. Ẹ kọ iye lítà náà sínú ìwé kí ẹ tó lọ sọ́jà, kí ẹni tó ń ta ọ̀dà má bàa bá yín ṣe ìṣirò tirẹ̀.