Àpò Kéékèèké Lára Ìfun

Bí ọjọ́ orí bá ń gòkè, ara ìfun ńlá lè yọ àpò kéékèèké síta níbi tí kò ti lágbára. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ní in ni kò mọ̀ rárá.

Ní 1971, dókítà Denis Burkitt, tó ti ṣiṣẹ́ pẹ́ ní Uganda, àti dókítà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, Neil Painter, kọ ọ́ pé àìsàn yìí ṣọ̀wọ́n ní Áfíríkà nítorí oúnjẹ wa. Ìyẹn ṣáájú kí búrẹ́dì funfun tó lé ẹ̀wà kúrò lórí tábìlì o!

Nítorí náà, ẹ fi ẹ̀wà, ẹ̀fọ́ àti èso kún oúnjẹ yín díẹ̀díẹ̀, kí ikùn má baà wú, kí ẹ sì máa mu omi. Bí ìsàlẹ̀ ikùn lápá òsì bá ń dùn yín pẹ̀lú ibà, tàbí tí ẹ rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́, ẹ má kàn pè é ní jẹ̀díjẹ̀dí kí ẹ wá máa mu àgbo. Ọsibítù ni kí ẹ gbà lọ lọ́jọ́ náà gan-an.