Àwòrán Àyálò



Ní ilé-ẹ̀kọ́ wa ní agbègbè Akínyẹlé, àwọn ọmọ fi kọ̀ǹpútà ṣe àwòrán tí ń rìn, tí ó sì ń sọ̀rọ̀. Àwọn kọ́ ni wọ́n yà á: ẹlòmíràn ní òkè òkun ni ó ti ya orí, ẹnu, apá àti ẹsẹ̀ sílẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀; wọ́n kàn tò wọ́n pọ̀ ni. Iṣẹ́ náà yá kánkán, a kò sì kẹ́gàn rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọmọ inú àwòrán pàdé bàbá àgbà, ó juwọ́ sí i ni! Àwọn baba tí ń wòran mirí. Ẹni tí ó yà á kò ya ìdọ̀bálẹ̀ mọ́ ọn.

Páànù tí a gbẹ́ ihò sí ni àwọn aládìrẹ Abẹ́òkúta fi ń mú iṣẹ́ yá. Ṣùgbọ́n àwọn tìkára wọn ni wọ́n gbẹ́ ẹ. Àwọn ìyá wa sì fi ìyẹ́ adìẹ ya òpó Gbọ̀ngàn Màpó, tí a ṣí ní 1929, sí aṣọ Ìbàdàndùn.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí Ẹgbẹ́ ra ohun ìyàwòrán fún àwọn ọmọ, kí wọ́n lè ya ìdọ̀bálẹ̀ àti ìkúnlẹ̀ tiwa kún èyí tí wọ́n yá. Ṣòkòtò àgbàbọ̀, bí kò fún ni lẹ́sẹ̀, a ṣo ni.