Agbẹjọ́rò, Adájọ́ àti Àwa Ọmọ Yorùbá ní Ìlú Bìní
Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ìfilọ́lẹ̀ owó ẹgbẹ́ ní Upper Sakponba

Ẹgbẹ́ ní kí n sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ agbẹjọ́rò àti ìgbẹ́kẹ̀lé tí ó yẹ kí á ní nínú àwọn adájọ́. Mo mọ̀ pé àwọn onílù ti ń wò mí, n kò ní pẹ́.

Bí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tàbí ti gbèsè bá dé bá ènìyàn wa ní àdúgbò yìí, ohun tí ó kọ́kọ́ ń béèrè ni pé, "Ọmọ ta ni adájọ́ náà?" Kì í béèrè ohun tí òfin wí. Bí ó bá sì ti gbọ́ pé adájọ́ kì í ṣe ọmọ Yorùbá, á ní ẹjọ́ ti bàjẹ́. Ẹlòmíràn á wá ọ̀nà ẹ̀bùrú, á lọ bá àwọn ọmọ ìta. Owó á lọ, ilẹ̀ náà á sì lọ.

Ìtàn ẹjọ́ kan ni n ó fi dá irú ẹni bẹ́ẹ̀ lóhùn.

Olóyè Gani Fawẹ̀hìnmi, ọmọ Oǹdó, ni a bí ní ọjọ́ 22 oṣù April, 1938. Ó sì papò dà ní ọjọ́ 5 oṣù September, 2009. Láti 1965 tí ó ti di agbẹjọ́rò ni ó ti ń gba ẹjọ́ àwọn tí kò lówó lọ́wọ́ rò. Ní 1969 ó gba ẹjọ́ òṣìṣẹ́ kan rò sí ọ̀gá ńlá kan nínú ìjọba Benue-Plateau, wọ́n sì tì í mọ́lé fún oṣù púpọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, àtìmọ́lé di ilé kejì fún un. Àwọn kan ní alágídí ni. Alágídí ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n kóòtù ni ó kọ́kọ́ máa ń gbé àgídí rẹ̀ lọ.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ àti oníbàárà rẹ̀ ni Dele Giwa, ọ̀gá ìwé ìròyìn Newswatch. Ugbekpe-Ekperi ní ìpínlẹ̀ Ẹ̀dó yìí ni àwọn òbí Giwa ti wá, ṣùgbọ́n Ilé-Ifẹ̀ ni a bí i sí ní 1947, níbi tí bàbá rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́ ní ààfin Ọọ̀ni Adérẹ̀mí. (Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ pé àwa àti àwọn kò jọ mọ ara wa, ẹ gbọ́ o.) Ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 19 oṣù October, 1986, wọ́n gbé àpòòwé kan wá sí ilé rẹ̀ ní Ìkẹjà. Bọ́ǹbù ni ó wà nínú rẹ̀. Giwa kú ní ọjọ́ náà.

Gani dárúkọ àwọn ọ̀gá ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ méjì. Ó ní kí ìjọba Èkó pè wọ́n lẹ́jọ́, tàbí kí wọ́n fún òun ní ìwé àṣẹ kí òun fúnra òun pè wọ́n. Mo gbọ́dọ̀ sọ ọ́ pẹ̀lú pé àwọn méjèèjì ní ọwọ́ àwọn mọ́, kò sì sí kóòtù tí ó dá wọn lẹ́bi. Ìjọba kò ṣe èkíní, wọn kò ṣe èkejì. Gani lọ sí Ilé-Ẹjọ́ Gíga, wọ́n ní ọ̀rọ̀ náà kò kàn án. Ó lọ sí Kò-Tẹ́-Mi-Lọ́rùn, ibẹ̀ náà kò gbà fún un.

"Kò kàn ọ́" yìí, ilẹ̀kùn irin ni. Òun ni wọ́n tì mọ́ Abraham Adéṣànyà, aṣòfin àgbà, lójú ní 1981, nígbà tí ó tako bí Ààrẹ Shagari ṣe fi Victor Ovie-Whiskey ṣe alága àjọ ìdìbò. Ovie-Whiskey yìí ni Adájọ́ Àgbà ìpínlẹ̀ Bendel nígbà náà, Bìní níhìn-ín ni ibùjókòó rẹ̀. Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ní kò sí ẹ̀tọ́ Adéṣànyà fúnra rẹ̀ kan tí wọ́n tẹ̀ mọ́lẹ̀.

Ní ọjọ́ 18 oṣù December, 1987, ẹjọ́ Gani dé iwájú ilé-ẹjọ́ yẹn kan náà. Ta ni ó ka ìdájọ́ tí ó ṣíwájú? Andrews Otutu Obaseki ni, ọmọ Bìní. Kò ní kí ọmọ Oǹdó lọ wá ẹjọ́ Oǹdó rò. Ìtumọ̀ ohun tí ó wí ni pé òfin tí ó ka ìpànìyàn léèwọ̀ kan tọmọdé-tàgbà, nítorí náà bí wọ́n bá pa ẹnì kan, ó kan gbogbo wa, olùtọ́jú arákùnrin wa ni wá. Kayode Eṣọ, ọmọ Iléṣà, tí wọ́n jọ jókòó, sọ ọ́ gbangba pé àwọn ti kúrò lójú ọ̀nà tóóró ti àtijọ́. Ìjọba ológun ni ó sì wà lórí oyè nígbà náà!

N kò ní tàn yín jẹ. Ẹjọ́ náà padà sí Èkó, kò sì sí ẹni tí a tíì dá lẹ́bi ikú Giwa títí di òní. Adájọ́ lè ṣílẹ̀kùn, kò lè bá ìjọba rìn wọlé. Mo sì mọ̀ pé àwọn adájọ́ kan wà tí wọ́n bà wá lọ́kàn jẹ́. Ẹ rántí àṣẹ òru ọjọ́ 10 oṣù June, 1993, tí wọ́n fi fẹ́ dá ìdìbò Abíọ́lá dúró ní Abuja. Ṣùgbọ́n ẹ tún rántí ọjọ́ 11 oṣù November, 2008, tí Kò-Tẹ́-Mi-Lọ́rùn tí ó jókòó ní Bìní yìí gba ipò gómìnà lọ́wọ́ ẹni tí ó wà lórí àga, tí ó fi fún Oshiomhole. Ẹni tí wọ́n yọ, ọ̀jọ̀gbọ́n nínú òfin ni. Ní ọjọ́ kejì ni wọ́n búra fún ẹlòmíràn.

Nítorí náà, ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ tọ́jú ìwé ilẹ̀ yín, ẹ tètè wá agbẹjọ́rò, ẹ jẹ́ kí adájọ́ sọ ìdí tí ó fi dájọ́. Bí ìwà adájọ́ kan bá kọ yín lóminú, Ìgbìmọ̀ Àpapọ̀ lórí Ọ̀rọ̀ Adájọ́ wà ní Abuja tí a lè kọ̀wé sí. A kì í fi ẹ̀yìn kóòtù bú u kí á sì dákẹ́. Ẹni tí kò ní owó lọ́wọ́, kí ó lọ bá Legal Aid Council tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1976.

Alága, ìbéèrè kan ni mo ní. Nínú owó tí a ó pa lónìí, ẹ jẹ́ kí á ya díẹ̀ sọ́tọ̀ fún owó agbẹjọ́rò ọmọ ẹgbẹ́ tí wọ́n bá fẹ́ fi agbára gba ohun ìní rẹ̀. Mo fẹ́ gbọ́ èsì yín kí a tó jẹun. Èmi náà yóò fi tèmi síbẹ̀.