Láti Ara Oró Ejò Dé Abẹ́rẹ́ Ìwúlé



Bí ènìyàn bá fi ẹsẹ̀ kọ, kì í pẹ́ tí ojú ibẹ̀ fi ń pọ́n, tí ó ń gbóná, tí ó ń wú, tí ó sì ń ro ó. Ara ló ń jà fún ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìjà náà kì í mọ ìgbà tó yẹ kó dáwọ́ dúró nígbà mìíràn. Ohun tí mo wá sọ lónìí ni pé inú ara kan náà la ti lè rí ohun tí a ó fi pẹ̀tù sí i.

Ní ọdún 1949, Maurício Rocha e Silva àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní orílẹ̀-èdè Brazil po oró ejò jararaca mọ́ ẹ̀jẹ̀. Ohun kan yọ jáde tí ń mú kí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀. Wọ́n sọ ọ́ ní bradykinin. Kì í ṣe inú oró ló ti wá o! Inú èròjà amáradàgbà kan tó ń jẹ́ kininogen, tó wà nínú ẹ̀jẹ̀, ló fara pamọ́ sí. Oró ló gé e jáde. Ara wa pẹ̀lú máa ń gé e bẹ́ẹ̀. Irú ègé kúkúrú bí èyí là ń pè ní pẹ́ptáìdì. Àmínò ásíìdì, ìyẹn ẹyọ tí a fi ń mọ amáradàgbà, mẹ́sàn-án péré ló so kọ́ra di bradykinin, síbẹ̀ òun ló ń fẹ iṣan ẹ̀jẹ̀, tó ń jẹ́ kí omi jò sínú ẹran ara, tó sì ń fa ìrora.

Àwọn kan wà, bí ẹnì kan nínú 50,000, tí wọ́n bí àìsàn kan mọ́ tí bradykinin fi ń pọ̀ jù lára wọn. Ètè wọn á ṣàdédé wú. Bó bá jẹ́ ọ̀nà ọ̀fun ló wú, ó lè sé èémí mọ́ wọn. Oògùn ara yíyún kì í ṣiṣẹ́ fún wíwú yìí.

Bradykinin dà bíi kọ́kọ́rọ́ tó ń ṣí àgádágodo tó wà lára sẹ́ẹ̀lì. Àwọn onímọ̀ iléeṣẹ́ Hoechst ní Jámánì wá rọ òmíràn tó jọ ọ́, tó ń wọ ihò àgádágodo náà, ṣùgbọ́n tí kì í yí. Bí èyí bá ti jókòó síbẹ̀, bradykinin kò ráyè wọlé mọ́. Icatibant ni orúkọ rẹ̀. Àmínò ásíìdì mẹ́wàá ló ní, márùn-ún nínú wọn kò sì sí lára ogún tí ara fi ń mọ amáradàgbà. Ọgbọ́n tó wú mi lórí jù nìyẹn: ẹ́ńsáìmù tí ń gé bradykinin wẹ́lẹwẹ̀lẹ kí ìṣẹ́jú kan tó pé kò rí ti icatibant gé. Kò ṣeé gba ẹnu lò, nítorí ikùn yóò dà á bí ó ṣe ń da ẹran tí a jẹ. Abẹ́ awọ ikùn là ń gún un sí.

Ohun mìíràn tí ara ní láti fi pẹ̀tù sí ìwúlé ni annexin A1, amáradàgbà tí oògùn sítẹ́rọ́ọ̀dù ń mú pọ̀ sí i. Pẹ́ptáìdì tí wọ́n gé níbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, Ac2-26, ń dín ìwúlé kù lára eku, ṣùgbọ́n kò tíì di oògùn ènìyàn.

Ọdún 2008 ni Yúróòpù fọwọ́ sí icatibant, Amẹ́ríkà sì tẹ̀ lé e ní 2011. Ọdún 59 ló wà láàrin oró ejò àti abẹ́rẹ́. Bó ṣe ń pẹ́ tó nìyẹn kí pẹ́ptáìdì tó di oògùn tí a lè gbẹ́kẹ̀ lé. Nítorí náà mo bẹ̀ yín, bí ẹnikẹ́ni bá gbé ìgò pẹ́ptáìdì wá tà fún yín lórí fóònù, ẹ bèèrè nọ́ńbà NAFDAC, àjọ tó ń fọwọ́ sí oògùn ní Nàìjíríà, lọ́wọ́ rẹ̀. Bí kò bá ní in, ẹ má ṣe jẹ́ kó gún yín.