Ìjókòó Kì í Ṣe Ìsinmi



Nínú ìtẹ̀jáde ìwé rẹ̀ ti ọdún 1713, Bernardino Ramazzini, oníṣègùn ará Ítálì, sọ ohun mẹ́ta tí ń ba ara àwọn akọ̀wé jẹ́: ìjókòó láìdìde, ọwọ́ tí kì í sinmi, àti làálàá ọkàn. Gègé ni wọ́n ń lò nígbà náà. Kọ̀ǹpútà ni tiwa, ṣùgbọ́n ohun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta náà ṣì wà síbẹ̀.

Láti ọdún 1982 tí a ti dá yunifásítì sílẹ̀ ní Àgọ́-Ìwòyè, iṣẹ́ ìwé ti di oúnjẹ ọ̀pọ̀ ènìyàn wa. Agégẹdú Ìjẹ̀bú-Igbó a máa nàró sinmi. Apẹja Ogun Waterside a máa gbé àjẹ̀ sílẹ̀. Akọ̀wé ni kì í mọ̀ pé òun ru ẹrù. Bẹ́ẹ̀ ni orí ènìyàn wúwo tó nǹkan bí kílò 5. Bí a bá tẹ̀ ẹ́ síwájú, iṣan ọrùn àti ti èjìká ni yóò máa fà á mú láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́.

Báwo ni kí a ti jókòó? Kí ẹ̀yìn fara ti àga. Kí àtẹ́lẹsẹ̀ méjèèjì kanlẹ̀. Bí àga bá ga jù, kí a gbé ẹsẹ̀ lé àpótí. Kí ojú kọ̀ǹpútà jìnnà sí wa tó gígùn apá, kí etí òkè rẹ̀ má sì ga ju ojú wa lọ. Kí ìgúnpá sún mọ́ ìhà, kí ọrùn ọwọ́ sì gún.

Ṣùgbọ́n kò sí ìjókòó tí ó dára tó bẹ́ẹ̀ tí a fi lè wà nínú rẹ̀ láti àárọ̀ di alẹ́. Ní ìdajì wákàtí kọ̀ọ̀kan, ẹ dìde, ẹ na ara, ẹ rìn díẹ̀. Bí ọwọ́ bá sì ń kú tipiri léraléra, ẹ tètè lọ rí oníṣègùn, nítorí ọwọ́ náà ni oúnjẹ yín.

Ẹ̀yin ọ̀gá ilé iṣẹ́, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín jù. Ẹ má ṣe pe ẹni tí ó dìde nàró ní ọ̀lẹ. Ẹ̀yìn tí a kò jẹ́ kí ó sinmi lónìí ni yóò dá òṣìṣẹ́ yín dúró sílé lọ́la.