Mo Rí I, Mo Gbọ́, Mo Rò: Ọ̀rọ̀ Tí À Ń Ṣà àti Ìwà Tí Ó Ń Mọ

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ gbangba tí a ṣe ní Ṣàngó, Ìlọrin

 

Oríkì Ìlọrin ò gbàgbé ẹnu ọmọ ìlú: adùn ni wọ́n fi ń kì í. Àmọ́ ti adùn kọ́ ni mo bá wá lónìí. Ìdí ọ̀rọ̀ ni mo fẹ́ ká tú wò. Ohun tí o sọ yẹn, ṣé o rí i ni, ṣé o gbọ́ ọ ni, àbí o kàn rò ó?

Ẹ wo Ṣàngó wa yìí. Ọkọ̀ ń ti ọ̀nà Jẹ́bà bọ̀, kẹ̀kẹ́ ń kó akẹ́kọ̀ọ́ lọ sí ilé ẹ̀kọ́ gíga Pólì, aláta àti oníṣu jókòó lẹ́bàá títì. Ká sọ pé owó aláta kan di àwátì. Obìnrin kan ní, “Mo rí ọmọkùnrin kan tó kọjá níbí.” Èkejì gbà á lẹ́nu rẹ̀: “Ọmọ kan ṣáà ń rìn gbéregbère níwájú ìsọ̀.” Kó tó dé ẹnu ẹnìkẹta, ó ti di, “Mo mọ olè náà! Ẹ̀wù pupa ló wọ̀!” Kò sí ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ purọ́ nínú wọn. Síbẹ̀, ọmọ ẹlẹ́wù pupa kan ti wà lójú títì tí wọ́n ń wá táyà àti pẹtiróòlù sílẹ̀ dè é. Bí aláta bá wá bá owó rẹ̀ lábẹ́ àpò ata ńkọ́?

Lórí ìyàtọ̀ ohun tí a rí àti ohun tí a gbọ́ yìí, Barry Hallen àti Ọ̀jọ̀gbọ́n Olúbí Ṣódípọ̀, tí wọ́n jẹ́ olùkọ́ fìlọ́sọ́fì ní Yunifásítì Ifẹ̀, jókòó ti àwọn oníṣègùn nílẹ̀ Yorùbá, wọ́n ń bi wọ́n bí wọ́n ṣe ń lo ọ̀rọ̀. Ìwé wọn jáde ní 1986. Ohun tí àwọn àgbà náà fi yé wọn ni pé ẹni tó bá ní òun mọ nǹkan gbọ́dọ̀ ti fi ojú ara rẹ̀ rí i, kí ọkàn rẹ̀ sì jẹ́rìí sí i. Èyí tí a gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn, a lè gbà á gbọ́, ṣùgbọ́n a ò tíì mọ̀ ọ́n. Nínú ìwé mìíràn tí Hallen tẹ̀ jáde ní 2000, ó tẹ̀ síwájú: ẹnu ẹni ni wọ́n fi ń wọn ìwà ẹni. Ẹni tó bá mọ ààlà àfojúbà àti àgbọ́sọ, tó sì ń sọ ọ́ bó ṣe jẹ́, òun ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ tó gbára lé. Òfin ẹ̀rí ni òwe wa tó ní ìròyìn ò tó àfojúbà.

Ẹ̀yin àfáà mọ èyí jù mí lọ. Ọ̀rọ̀ hádíìsì kì í dá rìn. Lágbájá gbọ́ ọ lẹ́nu Tàmẹ̀dò, Tàmẹ̀dò gbọ́ ọ lẹ́nu Làkásègbè, títí yóò fi kan Ànábì. Bukhari, olùkójọ hádíìsì tó kú ní 870, yẹ àwọn tó gbé ọ̀rọ̀ wá wò bó ṣe yẹ ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀ wò. Ẹni tí wọ́n bá mọ̀ sí onírọ́, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò wọlé, bó ti wù kó dùn tó.

Ẹnì kan lè ní, “Bí mo tilẹ̀ ṣe àbùmọ́ díẹ̀, òótọ́ ṣáà wà nínú mi.” Ibẹ̀ gan-an ni ewu wà. Ní 1974, Elizabeth Loftus àti John Palmer ní Yunifásítì Washington, Amẹ́ríkà, fi fíìmù ìjàǹbá ọkọ̀ han akẹ́kọ̀ọ́ 150. Wọ́n bi 50 nínú wọn bí eré ọkọ̀ ṣe pọ̀ tó nígbà tí wọ́n kọlu ara wọn. Wọ́n bi 50 mìíràn bó ṣe pọ̀ tó nígbà tí wọ́n rún ara wọn wómúwómú. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n bi wọ́n bóyá wọ́n rí gíláàsì tó fọ́. Gíláàsì kankan ò fọ́ nínú fíìmù náà. Nínú àwọn tó gbọ́ “kọlu,” 7 ní àwọn rí i. Nínú àwọn tó gbọ́ “rún,” 16. Bí ọ̀rọ̀ kan láti ẹnu àlejò bá lè fọ́ gíláàsì sínú orí ẹni, kí ni èyí tí ẹnu wa ń tún sọ lójoojúmọ́ kò ní ṣe? Ẹni tó ti pe ọmọ kan lólè nígbà mẹ́wàá kò tún lè rí i bí ọmọ mọ́.

Àwọn ìyá wa ti mọ èyí tipẹ́. Inú bí wọn, èpè ti dé góńgó ọ̀fun, wọ́n á yí i padà: “Olórí ire ni ẹ́!” Ọ̀rọ̀ náà yọ ọmọ, ó sì mú ọkàn ìyá rọ̀, nítorí ẹni tó ń wá ọ̀rọ̀ ire tí yóò fi bínú ti dúró díẹ̀ kó tó bínú.

Síbẹ̀, “Mo gbọ́ ni” kì í gbé ènìyàn ga láwùjọ. Ẹni tó pariwo pé òun mọ̀ ni èrò ń pé lé lórí. Ìdí nìyẹn tó fi ń gba ìwà láti sọ pé, “Mo gbọ́ ni.” Àbá mi ò pọ̀. Olùkọ́, bí ọmọ bá mú ẹjọ́ wá, ẹ bi í: o rí i ni, àbí wọ́n sọ fún ọ? Ẹ̀yin tí ẹ ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ẹ kọ́kọ́ kọ ọ́ sí i pé, “N kò rí èyí o, wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi ni.” Ọ̀pọ̀ wa ni ojú yóò tì láti fi ránṣẹ́ lẹ́yìn tí a bá kọ ọ́. Ìtìjú yẹn ni ìwà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ọlọ́run má sọ wá di àgbà bẹ́ẹ̀.