Àṣìṣe Tó Kígbe Sàn Ju Èyí Tó Dákẹ́ Lọ: Bí A Ṣe Ń Tọpa Àṣìṣe Nínú Macro Excel



Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá kan gbogbo ẹni tó ń fi Excel ṣírò èsì ìdánwò, owó oṣù tàbí owó ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Macro ni àwọn àṣẹ tí a kọ sílẹ̀ kí kọ̀ǹpútà lè máa bá wa ṣe iṣẹ́ tí à bá máa fọwọ́ ṣe léraléra. Láti ọdún 1993 ni a ti ń fi èdè VBA kọ wọ́n nínú Excel. Bí macro bá kọsẹ̀, àpótí kékeré kan á yọ lójú kọ̀ǹpútà pẹ̀lú nọ́ńbà, ọ̀pọ̀ wa á sì sáré tì í pa. Ohun tí mo fẹ́ kó yé wa lónìí ni pé àṣìṣe tó yọjú ṣeé tún ṣe. Èyí tí kò fọhùn ló ń ba iṣẹ́ jẹ́.

Ẹ jẹ́ ká mú èsì ìdánwò. Macro ń ka máàkì láti ìlà dé ìlà. Ó dé orí akẹ́kọ̀ọ́ tí kò wá, akọ̀wé sì ti tẹ “ABS” síbi tí máàkì yẹ kó wà. Nọ́ńbà ni macro ń retí, lẹ́tà ló bá. Excel á dúró, á ní àṣìṣe 13 ni, “Type mismatch”. Ìròyìn tó péye nìyẹn. Bí a bá tẹ Debug, ìlà tí iṣẹ́ ti dúró á pọ́n ní yẹ́lò, a ó sì rí iye tó wà nínú orúkọ kọ̀ọ̀kan tí macro fi ń pa iye mọ́ bí a bá gbé máòsì lé e.

Ṣùgbọ́n àṣẹ kan wà tí àwọn kan fi ń pa ariwo yìí: On Error Resume Next. Ó ń sọ fún Excel pé bí ìlà kan bá kùnà, kó fò ó kọjá. Ẹ wo ohun tó ń tẹ̀yìn rẹ̀ yọ. Nígbà tí macro kò rí ABS kà, máàkì ẹni tó ṣáájú ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, òun náà ló máa lò. Bí ẹni ìṣáájú bá gba 71, ẹni tí kò wọ gbọ̀ngàn ìdánwò á gba 71. Kò sí àpótí tó máa yọ. Ìwé èsì á jáde, a ó sì bu ọwọ́ lù ú. A kì í fi ètè sílẹ̀ pa làpálàpá.

Àwọn nọ́ńbà yòókù náà ní ohun tí wọ́n ń wí. Àṣìṣe 9 sábà máa ń túmọ̀ sí pé ẹnìkan ti yí orúkọ ṣíìtì tí macro ń pè padà. Àṣìṣe 91 sábà máa ń yọ nígbà tí macro wá ohun kan tí kò rí i, tó sì fẹ́ lò ó bẹ́ẹ̀. Àṣìṣe 6, pé nọ́ńbà ti pọ̀ ju àyè rẹ̀ lọ, wọ́pọ̀ nídìí owó náírà: irú àyè nọ́ńbà tí à ń pè ní Integer kò lè gbà ju 32,767 lọ. Long ń gbà dé 2,147,483,647. Bí kọ́bọ̀ bá wà níbẹ̀, Currency ló yẹ.

Lóṣù October 2020, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rí ohun tí ìdákẹ́jẹ́ lè fà. Àjọ ìlera Public Health England ń kó èsì àyẹ̀wò Kòrónà sínú fáìlì Excel àtijọ́, èyí tí kò gbà ju ìlà 65,536 lọ. Ohun tó kọjá bẹ́ẹ̀ já bọ́. Ènìyàn 15,841 tó ní àrùn náà ni kò wọ inú ìṣirò láàárín ọjọ́ 25 oṣù September sí ọjọ́ 2 oṣù October. Wọ́n gbọ́ èsì tiwọn, ṣùgbọ́n àwọn tó ń wá ẹni tí wọ́n ti bá pàdé kò tètè rí orúkọ wọn.

Kí ni ká wá ṣe? Ẹ kọ Option Explicit sókè macro, kí orúkọ tí a ṣì tẹ̀ má baà di orúkọ tuntun. Ẹ ṣe ẹ̀dà fáìlì, kí ẹ fi F8 rìn ín ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi IsNumeric yẹ máàkì wò kí ẹ tó kà á, kí ẹ sì yẹ àpótí òfìfo wò lọ́tọ̀, nítorí VBA á kà á sí òdo. Bí Resume Next bá pọn dandan, kó má kọjá ìlà kan. Ẹ wo Err.Number, níbi tí nọ́ńbà àṣìṣe máa ń wà, kí ẹ sì fi On Error GoTo 0 dá Resume Next dúró. Lákòótán, kí macro ka iye ìlà tó wọlé àti iye tó jáde. Bí méjèèjì kò bá dọ́gba, kó kọ̀ láti parí iṣẹ́. Ìṣirò kékeré yìí ì bá ti fi orúkọ tó já bọ́ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì hàn lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

Mo rọ gbogbo ẹ̀ka ilé ẹ̀kọ́ àti ẹgbẹ́ tó ń fi macro ṣiṣẹ́: ẹ má ṣe bu ọwọ́ lu èsì kankan tí a kò tíì ka ìlà rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Máàkì ọmọ ọlọ́mọ àti owó oníṣẹ́ ló wà nínú rẹ̀.